Abọ́ Mi Dé Ibi Màlúù Ṣáájú Tiyín

Ẹ jókòó, Bàbá Tóbilọ́ba, ẹ má tíì dìde! Ṣebí ẹ̀yin lẹ wá kan ilẹ̀kùn mi tẹ́ ẹ ní, "Ìyá Moyọ̀sọ́rẹ, wá bá wa rà nínú màlúù Kérésì"? Àbí ẹnu yín kọ́ ni? Ó dáa. Mo rà níbẹ̀, àbí mi ò rà?

Ẹ mọ̀ pé Èkó ni mo ti ń ṣiṣẹ́, kí ilẹ̀ tó mọ́ ni mo ti ń kúrò n'Igbein níbí. Ẹ̀yin náà lẹ ní kí kálukú gbé abọ́ wá síbi tí wọ́n ti ń kun màlúù, pé ẹni tí abọ́ ẹ̀ ò bá sí níbẹ̀ kò ní ẹran. Mo gbé tèmi fún Làtífátù ará àdúgbò wa, abọ́ ńlá tí ìyá mi fún mi nígbà ìgbéyàwó. Ó débẹ̀ ṣáájú abọ́ gbogbo yín!

Wọ́n fi fọ ìfun. Bàbá, abọ́ mi ni gbogbo àdúgbò fi fọ ìfun! Wọ́n fọ ṣàkì, wọ́n fọ àbọ̀dí, ó ṣiṣẹ́ ju ẹnikẹ́ni lọ níbẹ̀, ó wá padà wálé pẹ̀lú pátákò kan. Bọ́kọ́tọ̀ pàápàá kọ́ o, pátákò lásán! Ìyá ọkọ mi ń bọ̀ láti Owódé, mo ti fọ́nnu fún wọn lórí fóònù pé èmi àtàwọn ará àdúgbò mi la jọ pa màlúù. Ṣé pátákò ni kí n bù fún wọn?

Hẹn? Pé mi ò wá bá yín di okùn màlúù mú? Ohun tí Olúmidé tẹ́ ẹ jọ pín ẹran náà sọ nìyẹn, pé ẹni tó bá rà gbọ́dọ̀ wá fọwọ́ kún un. Làtífátù ní ẹni tó bá rà, kó ṣáà gba ẹran ẹ̀. Èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé, ohun tí mo gbọ́ ni pé mo ti di ará yín. Torí ẹ̀ ni mo ṣe rà! Ẹran wà lọ́jà, Bàbá. Ó dùn mí, Ọlọ́run ló mọ̀, ó dùn mí gan-an.

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Mi ò bèèrè ẹran mọ́. Màlúù Àjíǹde tẹ́ ẹ fẹ́ rà yẹn, ọgbà mi ni yóò sùn. Èmi ni n ó fún un lómi, èmi ni n ó ti géètì. Ẹni tó bá fẹ́ pín in láìsí mi, kó wá gba kọ́kọ́rọ́ l'Ékòó.