Mo Ní Kí Ọkọ Mi Lọ Gé Ìfun

Àpótí ọkọ mi wà ní pálọ̀ bí mo ṣe ń kọ ìwé yìí. Èmi ni mo bá a di ẹrù inú rẹ̀, èmi ni mo lọ aṣọ rẹ̀, èmi náà ni mo ká ibọ̀sẹ̀ rẹ̀ sínú bàtà kí wọ́n má bàa sọnù. Lọ́ńdọ̀nù ló ń lọ, ọ̀sẹ̀ yìí kò ní parí kí bàlúù tó gbé e. Abẹ ló ń lọ bọ́ sí, èmi ni mo sì bá a yan èyí tí yóò bọ́ sí. Ẹ̀yin èèyàn mi, inú mi dùn! Inú mi dùn débi pé oúnjẹ ò lọ lọ́nà ọ̀fun mi. Àyà mi sì ń já débi pé tí Mọ́ńsúrà ọmọ mi bá wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan nínú yàrá, èrò mi ni pé ẹ̀san ti bẹ̀rẹ̀, pé ara ọmọ yẹn ni Ọlọ́run fẹ́ ti gbà á. Kí ni kí n pe irú èyí? Ṣé èèyàn lè máa yọ̀ kó tún máa gbọ̀n?

Ẹ má bínú pé mò ń sọ̀rọ̀ ọkọ bí ẹni ń sọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀. Nínú ilé, mo máa ń kúnlẹ̀ kí n tó gbé oúnjẹ fún un, orí ìwé nìkan ni mo ti lè nàró. Ẹ̀kọ́ àgbà ni mo fi mọ̀wé, ní kíláàsì ìrọ̀lẹ́ tí wọ́n ń ṣe ní Ìbà. Ohun tó lé mi dé kíláàsì yẹn náà ni ohun tó gbé ọ̀rọ̀ yìí wá.

Nígbà tó fẹ́ mi, lọ́rì kan ṣoṣo ló ní, òun fúnra rẹ̀ ló sì ń wà á. Yanrìn ló ń kó láti etí ọ̀sà l'Ọ́jọ̀ọ́ lọ fún àwọn tó ń mọ búlọ́ọ̀kù. Mo lára nígbà náà, ó sì ń fi mí yangàn. Tí a bá jọ ń lọ lójú ọ̀nà, yóò ní kí n máa lọ níwájú, yóò wá máa pariwo lẹ́yìn mi pé, "Ẹ̀yin ará Okokomáìkò, ẹ wò ó dáadáa, ṣé ebi ń pa ìyàwó mi?" Nígbà tí mo bí Mọ́ńsúrà, ìyá ọkọ mi wá gbé tì mí. Ẹ̀kọ gbígbóná láàárọ̀, iyán lọ́sàn-án, ẹran àgbò nínú ọbẹ̀ títí ọ̀rá fi ń dì létí abọ́. Wọ́n ní abiyamọ tí kò bá ki, ọkọ rẹ̀ ni ayé ń bú. Mo jẹ, mo sì ki. Àṣé ẹni tó ń bọ́ mi ń bọ́ mi fún ẹ̀sín ni.

Owó epo rọ̀bì dé. Ìjọba ń la títì ńlá tó lọ sí Àgbádárìgì, yanrìn sì di wúrà. Lọ́rì kan bí tipa, tipa bí tipa, ọkọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í bá àwọn ẹnjiníà jókòó, ó ń rí àwọn ìyàwó wọn tó tínrín bí ìgbálẹ̀. Ọjọ́ kan, mo wọ mọ́tò ayọ́kẹ́lẹ́ tuntun tó rà. Mi ò tíì jókòó tán tó ní, "Rọra o, ìyá Mọ́ńsúrà! Sípíríǹgì ló wà lábẹ́ ẹ yẹn, kì í ṣe yanrìn." Dẹ́rẹ́bà rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí ó fi dorí kodò. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti di ẹrù nínú ilé rẹ̀.

Ọ̀kan nínú àwọn ẹnjiníà yẹn ló sọ fún un pé wọ́n ń fi abẹ dín èèyàn kù ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó gbé mi lọ. Ó ní kí gbogbo ará ilé mọ̀ pé ọjà la fẹ́ lọ rà. Mọ́ńsúrà ṣì ń mu ọmú, a fi í sílẹ̀ fún ìyá ọkọ mi. Dókítà tó rí wa jẹ́ òyìnbó àgbàlagbà tó ń sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó ya inú èèyàn sórí bébà, nọ́ọ̀sì ọmọ Ìjẹ̀bú kan sì ń túmọ̀ fún mi. Ọ̀nà mẹ́ta ló wà, wọ́n ní. Wọ́n lè fi wáyà so eyín òkè mọ́ ti ìsàlẹ̀, kó jẹ́ pé ohun mímu nìkan ni yóò máa wọlé. Wọ́n lè fi irin wẹ́wẹ́ dí apá kan nínú àpò oúnjẹ, kó jẹ́ pé díẹ̀ ni yóò máa gbà. Wọ́n sì lè gé ìfun kí wọ́n so ó pọ̀ ní kúkúrú, kí n máa jẹ ohun tó bá wù mí, kí oúnjẹ máa sáré kọjá kí ara tó rí i mú. Nọ́ọ̀sì náà dúró lórí ti ìfun yìí. Ó ní, "Ìyàwó, ká ní àbúrò mi ni ẹ́, àpò oúnjẹ ni màá ní kí o mú. Ẹni tí wọ́n bá gé ìfun rẹ̀, ilé ìgbẹ́ ló ń gbé."

Ọkọ mi bú sẹ́rìn-ín. "Kí n gbé ìyàwó mi wọ bàlúù kó wá máa ṣá oúnjẹ jẹ bí ẹyẹ? Wọ́n á gbé ìrẹsì síwájú ẹ̀ níbi ìkómọ, á bu ṣíbí méjì, á ní òun yó. Wọn ò ní sọ pé ebi ni mò ń fi pa á nílé mi? Ti wáyà ńkọ́? Kí wọ́n sọ l'Ọ́jọ̀ọ́ pé mo fi àgádágodo ti ìyàwó mi lẹ́nu!" Ẹ gbọ́ ohun tí ọkùnrin ń sọ: kí n tínrín lójú àwọn ẹnjiníà, kí n sì máa jẹun lójú àwọn ará ilé wa. Dókítà ní òun ò ní gbọ́ ti ẹnikẹ́ni, àfi kí n fi ẹnu ara mi sọ èyí tí mo fẹ́. Ọkọ mi tẹ ẹsẹ̀ mi lábẹ́ tábìlì. Mo ní, "Ìfun."

Orí bẹ́ẹ̀dì ni mo wà tó ti padà sílé, pé iṣẹ́ ń dúró de òun. Ẹ ò mọ iṣẹ́ tó dúró dè é? Ìyàwó tuntun, ọmọge tó ń tẹ̀wé ní ọ́fíìsì àwọn ẹnjiníà! Nígbà tí mo dé, ara ti gbọ̀n dànù lára mi lóòótọ́, awọ mi rọ̀ bí àpò tí wọ́n da gàrí inú rẹ̀ síta. Ọmú mi ti gbẹ. Mo na ọwọ́ sí Mọ́ńsúrà, ó figbe ta, ó sá lọ fi ojú pamọ́ sínú ìró obìnrin yẹn, ó ń pè é ní Mọ́mì. Ẹ̀yin tí ẹ bímọ, ẹ bá mi gbé e wò. Ọmọ tí mo já ọmú gbà lẹ́nu rẹ̀ ní oṣù mélòó kan sẹ́yìn!

Ìgbẹ́ wá di tèmi. Mo jẹ ẹ̀bà, ó ń lọ. Mo mu omi, ó ń lọ. Láti ilé wa dé Ìyànà Ìbà, kò sí ẹ̀yìnkùlé tí mi ò tíì bẹ onílé kí n tó wọ̀. Mo ṣe àlùwàlá, kí n tó dé orí ẹní ó ti bàjẹ́. Ọkọ mi ní ojúkòkòrò mi ló fà á, pé dókítà ní kí n dín epo kù, mi ò gbọ́. Títí di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan nínú ààwẹ̀, tí àlejò pọ̀ nílé, tí ọkọ mi ń ṣe lèmọ́mù fún wa. Gbogbo wa ti tò. Ó yíjú padà, ó wò mí, ó ní, "Ìyá Mọ́ńsúrà, máa lọ sẹ́yìnkùlé. Ẹni tí àlùwàlá ẹ̀ kì í dúró, kó má wá ba ìrun ẹlòmíì jẹ́." Obìnrin yẹn fi gèlè bo imú. Ìyá ọkọ mi tó fọwọ́ ara wọn bọ́ mi sún dí àyè mi. Áàfáà kan wá sọ fún mi lẹ́yìn náà pé Ọlọ́run kì í bá aláìsàn wí, pé kí n máa kírun mi bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n áàfáà kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ tí mo dìde láàárín àwọn èèyàn. Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé.

Ọ̀sẹ̀ yẹn ni mo wọ kíláàsì. Tíṣà bi kálukú wa léèrè ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ fẹ́ mọ̀ ọ́n kọ. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń dárúkọ ọmọ wọn. Mo ní, "Ìfun." Wọ́n rẹ́rìn-ín, èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín.

Owó tó mú mi joro wá bẹ̀rẹ̀ sí í mú òun náà wú. Ikùn ọkọ mi ń ṣáájú rẹ̀ wọlé báyìí. Mẹ́kà ló fẹ́ lọ. Ó ra aṣọ funfun méjì tí àwọn alálàájì ń ró, ó dán an wò ní yàrá, aṣọ ò kárí. Èmi ló pè, kò pe ìyàwó tó ń tẹ̀wé, nítorí kò fẹ́ kí ó mọ̀ pé ara òun ń ti òun lójú. Ó ti ilẹ̀kùn. Ó ní, "Ìyá Mọ́ńsúrà, ìwọ lo mọ ọ̀nà yẹn. Ti àpò oúnjẹ àti ti ìfun, èwo ni kí n ṣe?" Mo ń ká aṣọ funfun náà padà. Ó ní, "Àbí ìgbẹ́ yẹn ò tíì dúró?"

Ẹ gbọ́ o! A jọ ń gbé abẹ́ òrùlé kan, kò mọ̀! Ó pẹ́ tí kò ti wo ibi tí mo wà débi pé kò mọ̀ bóyá mò ń sùn tàbí mò ń jí. Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Ó ti dúró, ó ti pẹ́, ẹ̀yin ni ẹ sọ òótọ́, epo ni mò ń jẹ jù. Ẹ ṣe ti ìfun. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn oúnjẹ, ti àpò oúnjẹ á fi àbùkù kàn yín láwùjọ." Ojú rẹ̀ là. Ó fọwọ́ lé mi lórí, ó ní, "O mà ṣèèyàn o! Má jẹ́ kẹ́nì kan gbọ́." Dókítà á kìlọ̀ fún un lọ́hùn-ún, mo mọ̀. Mo sì mọ ọkọ mi: ohun tó bá ti ilé wọ orí rẹ̀, òyìnbó kò lè yọ ọ́.

Láti ìgbà yẹn ni mo ti ń rí i lójú ọkàn mi láàárín èrò Mẹ́kà, níwájú Ọlọ́run rẹ̀, tí inú ń kùn, tí kò mọ ẹ̀yìnkùlé ta ni kó bẹ̀. Aṣọ funfun ló sì wà lára rẹ̀ o! Tí mo bá ti rò ó dé ibẹ̀, màá bú sẹ́rìn-ín lẹ́nu ìfọṣọ. Ṣé ìkà ni mí? Abẹ tó dára fún mi lẹ́nu rẹ̀, kí ló dé tí kò ní dára fún un?

Ẹnì kan ṣoṣo ló mọ̀ pé irọ́ ni mo pa. Mọ́ńsúrà ti ń lọ sílé kéwú báyìí, ó ti ní ojú, ó sì gbọ́ wa láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn lọ́jọ́ yẹn. Lánàá, ó jókòó sórí àpótí bàbá rẹ̀, ó ń ju ẹsẹ̀, ó ní, "Màmá, tí bàbá bá ti Lọ́ńdọ̀nù dé, ṣé àwọn náà á máa sáré lọ sẹ́yìnkùlé bíi tiyín?" Mo fi ìka lé e lẹ́nu. Mo ní, "Jẹ́ẹ́. Èmi pẹ̀lú ẹ nìkan." Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín, ó fi ìka tirẹ̀ náà lé mi lẹ́nu. Ọmọ tó sá fún mi! Ohun àkọ́kọ́ tí èmi àti ọmọ mi jọ mọ̀ tí obìnrin yẹn ò mọ̀ nìyẹn. Òun náà ló ń já mi láyà jù, pé ohun tí mo fi gba ọmọ mi padà nìyẹn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, mo mọ̀ pé kí ìwé yìí tó tẹ̀ yín lọ́wọ́, bàlúù á ti gbéra. Bóyá ìdí tí mo fi kọ ọ́ dípò kí n sọ ọ́ nìyẹn. Torí náà, ẹ má wulẹ̀ sọ fún mi pé kí n dá a dúró. Èyí tí mo fẹ́ kí ẹ gbà mí nímọ̀ràn lé lórí ni tìgbà tó bá dé, tí gbogbo wa bá tò lẹ́yìn rẹ̀ fún ìrun, tí inú rẹ̀ bá kùn. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ sọ fún un pé kó máa lọ sẹ́yìnkùlé. Ṣé èmi ni kí n sọ ọ́, àbí kí n jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ sọ ọ́ fún un?