Káàdì Ránṣẹ́, Mo Dákẹ́, Bàbá Ló Jìyà Rẹ̀

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka abala yìí, mo kí yín. Ó ti pé ọdún mẹ́rin tí ọ̀rọ̀ kan ti há mi lọ́fun. N kò sọ ọ́ fún ọkọ mi, n kò sọ ọ́ fún àlùfáà wa. Ohun tó jẹ́ kí n sọ ọ́ lónìí ni pé Sátidé tó ń bọ̀ yìí ni wọ́n fẹ́ mú bàbá àgbàlagbà kan kúrò nínú ilé tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ́, èmi ni mo sì fà á. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á dópin kí ẹ tó bú mi. Èmi náà ti ń bú ara mi ó ti pẹ́.

Ọmọ Ìpẹ̀rú ni mí. Kóòdù ni mò ń kọ, ìyẹn àwọn àṣẹ tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀lé. Nígbà náà, ọ́fíìsì kékeré kan ní Ṣàgámù ni mo ti ń ṣiṣẹ́. A máa ń ya fọ́tò obì tí a rà ní ọjà Sábó, a sì ń kọ́ kọ̀ǹpútà kó lè mọ èyí tí kòkòrò ti wọ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni la obì náà.

Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ nílò káàdì gíráfíìkì, ẹ̀yà kọ̀ǹpútà tó ń ṣe ìṣirò àwòrán. Tòkunbọ̀ ni tiwa, ó wúwo bíi bíríkì, ó ní fáànù mẹ́ta lára, ariwo rẹ̀ kò sì kéré. Ọ̀gá wa, ẹni tí ìjọ rẹ̀ ń pa ọjọ́ ìsinmi mọ́ ní Sátidé, máa ń darí àdúrà ní ọ́fíìsì láràárọ̀. Ó ní ariwo fáànù ń bo orin mọ́ òun lẹ́nu. Ó ní kí n wá nǹkan ṣe sí i.

Mo wá nǹkan ṣe sí i lóòótọ́. Mo gba ìdarí fáànù lọ́wọ́ káàdì, mo fi í sábẹ́ ètò tí èmi fúnra mi kọ, mo ní kó máa yí jẹ́ẹ́jẹ́. Ohun tó yẹ kó máa ṣẹlẹ̀ ni pé bí ara káàdì bá ń gbóná, yóò ránṣẹ́ sí ètò mi, ètò mi yóò sì mú kí fáànù sáré.

Èdè tí mo fi kọ ètò náà, èdè tó ń bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀ lójúkojú ni, ó sì le bí ìyá ọkọ. Bí káàdì bá lè rán oríṣi iṣẹ́ méje sí ọ, èdè náà á ní kí o sọ ohun tí wàá ṣe sí méjèèje. Bí o bá fo ẹyọ kan, kò ní gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ. Mo dáhùn sí mẹ́ta: iṣẹ́ ti parí, iṣẹ́ ti kùnà, ààyè ti kún. Ó ti rẹ̀ mí. Ọjọ́ Ẹtì ni, oòrùn ti fẹ́ wọ̀, ọ̀gá sì ti ń mi kọ́kọ́rọ́ lẹ́nu ọ̀nà, nítorí kò gbà kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan iṣẹ́ níbẹ̀ bí oòrùn Ẹtì bá ti wọ̀. Ẹ̀rọ nìkan ló lè máa bá iṣẹ́ lọ.

Àmì kan wà nínú èdè yẹn, ìlà kékeré kan tí a ń fà sísàlẹ̀. Ó túmọ̀ sí "èyíkéyìí tó bá kù." Mo fà á. Níbi tó yẹ kí n kọ ohun tí ètò yóò ṣe sí àwọn tó kù, n kò kọ nǹkan kan. Èdè náà gbà á, kò sọ̀rọ̀. Mo ní màá padà sí i lọ́jọ́ Ajé. Àwa tí a ń kọ kóòdù mọ "màá padà sí i" yẹn dáadáa.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fọkàn bá mi lọ. "Ara mi ń gbóná" wà lára àwọn tó kù yẹn.

Ẹni tó ń tọ́jú iná ọ́fíìsì wa ni bàbá kan láti Ìkẹ́nnẹ́. Ẹ jẹ́ kí n pè é ní Bàbá Káyọ̀dé, orúkọ rẹ̀ kọ́ nìyẹn. Ó ti lé lọ́gọ́ta ọdún, ó sì ti ń ṣe iṣẹ́ iná kí wọ́n tó bí mi. Ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì, òun ló ń pa gbogbo nǹkan kó tó lọ, àfi ẹ̀rọ amúlétutù yàrá kọ̀ǹpútà, èyí tí gbogbo wa ń pè ní éésì. Ìyẹn gbọ́dọ̀ máa ṣiṣẹ́.

Sátidé àti Àìkú, kò sẹ́ni níbẹ̀. Ti ọ̀gá ni Sátidé, tiwa yòókù ni Àìkú. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, èmi ni mo kọ́kọ́ dé. Òórùn rọ́bà tó jó ló pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà. Éésì ti kú, yàrá gbóná bí ààrò, káàdì sì ti jó.

Ètò mi máa ń kọ gbogbo iṣẹ́ tí káàdì bá rán sínú àkọsílẹ̀ kan kó tó dà wọ́n nù. Mo ṣí i. Láti ìrọ̀lẹ́ Ẹtì di ọ̀sán Sátidé, ara káàdì tutù pẹ̀sẹ̀, èyí tí kò lè rí bẹ́ẹ̀ ká ní wọ́n ti pa éésì. Lọ́sàn-án Sátidé, àkọsílẹ̀ kọ̀ǹpútà fi hàn pé iná lọ, ó sì padà dé. Ínfátà tó ń lo bátìrì gbé kọ̀ǹpútà dúró, ṣùgbọ́n éésì wa kì í dá tan ara rẹ̀ bí iná bá dé. Láti ìgbà náà ni káàdì ti bẹ̀rẹ̀ sí í ránṣẹ́. Ara mi ń gbóná. Ara mi ń gbóná. Ó lé lọ́gbọ̀n ìgbà tó rán an. Ètò mi gbà á, ó kọ ọ́ sílẹ̀, kò sì ṣe nǹkan kan sí i, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe ní kó ṣe.

Nítorí náà, mo mọ̀. Kí ọ̀gá tó wọlé rárá ni mo ti mọ̀ pé Bàbá Káyọ̀dé tan éésì sílẹ̀, àti pé fáànù ni ì bá gba káàdì là.

Ọ̀gá pe àwa méjèèjì. Inú ń bí i gan-an. Ó bi Bàbá bóyá òun ló pa éésì. Ẹni tó bá mọ Bàbá mọ̀ pé kì í búra lórí nǹkan. Ó ronú díẹ̀, ó ní òun rò pé òun fi í sílẹ̀ ní títàn.

"Òun rò" yẹn ni mo rí dì mú. Mo rọra sọ̀rọ̀, mo tilẹ̀ kúnlẹ̀ díẹ̀ bí ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa. Mo ní, "Bàbá, bóyá ẹ gbàgbé ni."

Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó wò mí, ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ó ní bóyá lóòótọ́.

Kó tó di ọ̀sán, wọ́n ti ní kó máa lọ sílé, kó má padà wá sẹ́nu iṣẹ́ mọ́. Èmi náà ti kọ ohun tó yẹ sí ibi tí mo fi sílẹ̀ lófìfo, mo sì ti pa àkọsílẹ̀ náà rẹ́ kúrò lórí kọ̀ǹpútà. Ṣùgbọ́n mo kọ́kọ́ da ẹ̀dà rẹ̀ kan sórí fíláàṣì, ohun kékeré bí ìka tí a ń kó fáìlì sí. N kò mọ ìdí tí mo fi ṣe é. Ó wà nínú àpótí aṣọ mi títí di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí.

Wọ́n ní ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Tèmi kò rí bẹ́ẹ̀. Èmi tí mo ṣu ún ni n kò gbàgbé rí.

Ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, mo lọ ra obì ní Sábó fún ìdána àbúrò mi. Ẹnì kan fọwọ́ kàn mí léjìká. Bàbá Káyọ̀dé ni. Ó ti rù. Mo kúnlẹ̀ kí i, ó sì fà mí dìde. Ohùn Rẹ́mọ ló fi bá mi sọ̀rọ̀, mo kàn ń kọ ọ́ bí gbogbo yín á ṣe lóye rẹ̀ ni.

Ó ní, "Ọmọ mi, mo ti ń wá ọ kí n lè bẹ̀ ọ́. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ ni mo bà jẹ́ lọ́jọ́ yẹn. Bí mo bá rò ó, mo ṣì ń rí ara mi tí mo tan nǹkan yẹn sílẹ̀. Ṣùgbọ́n orí mi kò ṣeé gbára lé mọ́. Dákun, foríjì mí."

Mo yíjú sí obì tí wọ́n ń kà fún mi. Ó rò pé inú ló ń bí mi. Ló bá yọ ìwé kékeré kan nínú àpò agbádá rẹ̀, ó ní kí n wò ó, kí n lè mọ̀ pé òun ń gbìyànjú. Ọwọ́ rẹ̀ ló fi kọ gbogbo rẹ̀, pẹ̀lú aago: mo ti pa gáàsì, mo ti ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé, mo ti mu oògùn. Bẹ́ẹ̀ ló kún láti ojú ewé kìíní dé ìkẹyìn. Ó ní ìwé kẹsàn-án rèé.

Ó ní láti ìgbà yẹn òun kò fọwọ́ kan wáyà ẹnikẹ́ni mọ́, kí òun má baà pa ọmọ ọlọ́mọ. Ìyàwó rẹ̀ kì í jẹ́ kó dá wà nílé. Bó bá wá jígí ojú rẹ̀ tì báyìí, wọ́n á ní ṣebí bó ṣe bẹ̀rẹ̀ ní ọ́fíìsì nìyẹn. Àwọn ọmọ rẹ̀ ti wá pinnu pé kó wá máa gbé lọ́dọ̀ àwọn ní Àbújá, kí wọ́n sì fi ilé Ìkẹ́nnẹ́ fún ayálégbé. Òun kò fẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n ó ní ẹni tí kò lè fọkàn tán orí ara rẹ̀, ẹnu wo ló fẹ́ fi bá ọmọ jiyàn?

Mo ní mo ti dárí jì í. Ẹ gbọ́ mi? Èmi ni mo dárí jì í. Mo gba obì mi, mo gun ọ̀kadà, mo sì sunkún dé Ìpẹ̀rú.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin àgbà, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ìka tó ṣẹ̀ l'ọba ń gé, n kò bẹ̀ yín pé kí wọ́n má gé tèmi. Ọ̀dọ̀ ta ni kí n kọ́kọ́ mú fíláàṣì yìí lọ? Bó bá jẹ́ ọ̀dọ̀ Bàbá, mo mọ̀ ọ́n: kí n tó sọ̀rọ̀ dé ìdajì, á ti dárí jì mí, á ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni, á sì tẹ̀lé àwọn ọmọ rẹ̀ lọ. Bó bá jẹ́ ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ, ṣé wọ́n á jẹ́ kí n débi tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ dé? Bó sì jẹ́ pé ẹnì kan nínú wọn ló ń ka èyí, tó sì ti mọ bàbá tí mò ń wí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì di ẹrù rẹ̀.

Kò gbàgbé nǹkan kan. Ó tan éésì yẹn sílẹ̀.