Ó Ku Apá Òsì

Má wulẹ̀ kí mi. Mo ní má kí mi, jókòó. Àga nìyẹn, fà á mọ́ra, kó o sì panu ẹ mọ́, torí lánàá ìwọ lo sọ̀rọ̀, gbogbo ilé ìwọ́ra ló sì gbọ́ ọ. Èmi ìyá ẹ dojú bolẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì ní tèmi, òróró lílọ́wọ́ọ́rọ́ wà lẹ́yìn mi, oorun ti ń gbé mi lọ díẹ̀díẹ̀, àfi bí mo ṣe gbóhùn níta, ohùn ọmọ tí mo fi inú mi bí: "Màmá mi dà? Ta ló ní kí wọ́n wá bọ́ṣọ síbí?" Ṣé mo sọnù ni? Ṣebí mo sọ ibi tí mò ń lọ fún ìyàwó ẹ kí n tó jáde? Mo wá bá ọ níta tòun taṣọ ìnura láyà, àwọn èèyàn ń wò mí, bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ ibi tí kò dáa.

Obìnrin tó ń fòróró wọ́ mi lára yẹn ò sì tíì parí! Apá ọ̀tún nìkan ló tíì ṣe. Wò mí dáadáa. Wo èjìká yìí bó ṣe rọ̀. Wá wo ti òsì, ó le gbagidi, ó ká sókè dé ìdí etí. Lápá kan mo di ọmọge, lápá kejì arúgbó ṣì ni mí, ìwọ lo sì pín mi bẹ́ẹ̀.

Ìtìjú? Ta ni ìtìjú ń ṣe? Ìtìjú ni ariwo tó o pa.

O rò pé mo kàn ń rìn lọ, mo rí pátákó, mo sì wọlé. Rárá o. Mo wá a kí n tó rí i. Ilé àkọ́kọ́ tí mo dé, omi ń ṣàn lára ògiri, wọ́n tan àbẹ́là lọ́sàn-án gangan, ọmọbìnrin ìdí tábìlì ń bi mí, irú òróró wo, irú orin wo, kò bi mí pé kí ló ń ṣe mí. Mo dìde ńlẹ̀. Ti ìkejì, wọ́n mọ èèyàn kí, àmọ́ mo fọwọ́ kan aṣọ orí bẹ́ẹ̀dì wọn. Èmi tí mo fi gbogbo ìgbà èwe mi lọ aṣọ nílé ìfọṣọ ọsibítù, tí mo tibẹ̀ kó èjìká tó ń dùn mí yìí, ṣé aṣọ tí wọ́n kàn yí inú ẹ̀ síta ni wọ́n fẹ́ fi tàn mí? Òógùn ẹlòmíì ṣì wà lára ẹ̀. Mo ní ẹ ṣeun, mò ń bọ̀. Mo ṣì ń bọ̀ náà títí dòní.

Ìkẹta leléyìí tó o lọ dàrú. Obìnrin náà fọwọ́ ẹ̀ níṣojú mi, ó nu ún, ó ní, "Màmá, níbo ló ń dùn yín?" Mo fi hàn án. Ó tún ní, "Ibo lẹ ò fẹ́ kí n fọwọ́ kàn?" Ọmọ mi! Èmi tí ẹ̀yin ọmọ mi gùn lẹ́yìn láàárọ̀, tí ẹ gùn lẹ́sẹ̀ lálẹ́, ta ló bi mí nírú ẹ̀ rí?

Kí lo wí? Pé ọwọ́ wà nílé? Ọwọ́ wà nílé lóòótọ́. Ṣé o ti gbàgbé ni? Nígbà tí mo ní èjìká ń dùn mí, ẹ ní kí n má dààmú, ẹ ó máa wọ́ mi láàárín ara yín. Àbúrò ẹ obìnrin ló kọ́kọ́ wá, kò tíì wọ́ ọ dé ọrùn tó fi ní, "Màmá, ọ̀dọ̀ yín làwọn ọmọ máa ti lo ìsinmi wọn o." Ìyàwó ẹ tẹ̀ lé e, ọmọ dáadáa ni, ọwọ́ ẹ̀ sì rọ̀, àmọ́ bó ṣe kan egungun èjìká báyìí ló ní ṣé n ò lè yọ̀ǹda yàrá iwájú fún òun kóun máa kó ọjà sí. Ìwọ àkọ́bí wá ńkọ́? O tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì péré. "Màmá, mọ́tò bàbá tó wà ní gáréèjì yẹn, ṣé ẹ ṣì ń lò ó?" Èmi tí n ò mọ mọ́tò wà! Àṣé ẹ̀yìn mi nilẹ̀kùn ilé yìí, ẹ kàn ń kànkùn níbẹ̀ ni.

Obìnrin yẹn ò mọ yàrá iwájú. Kò mọ gáréèjì. Ó ń wọ́ mi, ó dákẹ́. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ lọ, mo sunkún lórí bẹ́ẹ̀dì náà, kì í sì í ṣe torí pé ó dùn mí. Látìgbà tí bàbá yín ti lọ, ọwọ́ tí ò fẹ́ gba nǹkan kan ò kàn mí rí, àfi tiẹ̀.

Ẹ̀n? Pé kí n ṣèlérí pé n ò ní lọ mọ́? Ọmọ tó ní ìyá òun ò ní sùn, òun náà ò ní fojú ba oorun, ó yẹ kó o ti mọ̀yẹn. Màá lọ. Lọ́la gan-an ni màá lọ, láago mẹ́wàá, ìwọ lo sì máa mú mi lọ. Wàá wọlé, wàá kí obìnrin yẹn bí ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé, wàá bẹ̀ ẹ́, wàá wá jókòó níta, wàá gbé báàgì mi lé ẹsẹ̀, títí apá òsì á fi rọ̀ bíi ti ọ̀tún.

Kí lò ń dìde ṣe? Kí lò ń wá lẹ́yìn àga mi?

Hẹ̀n-ẹn. Ibẹ̀ yẹn. Rọra. Sún un sísàlẹ̀ díẹ̀. Àṣé o mọ̀ ọ́n ṣe. Má sọ̀rọ̀, ṣáà máa tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀.

Kí lo wí? Pé ká kúkú gbé mọ́tò bàbá lọ lọ́la? Pé kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ dà?

Hẹ̀hẹ̀hẹ̀! Yéè, ẹ̀gbẹ́ mi o. Gbọ́wọ́ ẹ kúrò léjìká mi, ọmọ yìí. Bọ́ọ̀sì la máa wọ̀.