Èmi Ni Mo Ki Fúláàṣì Bọ Kọ̀ǹpútà Yẹn

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi kí ẹ tó bú mi. Ọdún mẹ́rin ni mo fi gbé ọ̀rọ̀ yìí sínú. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni mo jẹ́wọ́ fún ẹni tí mo ṣẹ̀, ara sì ti fúyẹ́ mi. Ìbéèrè kan ló kù.

Akọ̀wé ni mí ní iléeṣẹ́ kan ní Olúyọ̀lé. Opó ni mí. Èmi ni mo tún máa ń tẹ ìwé ètò ìkórè fún ìjọ wa. Aládùúrà ni wá, orin wa pọ̀. Kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì mi kò lè fi àmì sórí ọ̀rọ̀ Yorùbá, àwọn àgbà ìjọ sì ń kùn.

Sọ́fítíwià kan wà tó lè ṣe é. Mo fẹ́ gbé e sórí kọ̀ǹpútà, ó ní àfi kí n tẹ páásíwọ́ọ̀dù. Délé, tó ń mójú tó gbogbo kọ̀ǹpútà wa, nìkan ló ní in. Mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní, "Ẹ fún mi láyè, mà. Mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò, kó má kó wàhálà bá wa."

Ìkórè ku ọjọ́ márùn-ún. Inú bí mi.

Ẹ jọ̀ọ́, ohun tí mo ṣe rèé. Mo lọ sí Agbowó, lọ́dọ̀ obìnrin kan tó ń tẹ ìwé fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ó fi sọ́fítíwià náà sórí fúláàṣì fún mi. Ó ní, "Mọ́mì, irú eléyìí kì í béèrè páásíwọ́ọ̀dù. Ẹ ṣáà ki fúláàṣì bọ kọ̀ǹpútà, kí ẹ tẹ̀ ẹ́."

Lóòótọ́, kò béèrè nǹkan kan. Mo tẹ ìwé wa, àmì pé sórí rẹ̀. Gbogbo ìjọ yìn mí.

Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, kọ̀ǹpútà mi kò ṣí mọ́. Ti ẹni tó jókòó tì mí náà kò ṣí. Kó tó di ọ̀sán, fáírọ́ọ̀sì ti ba gbogbo fáìlì iléeṣẹ́ jẹ́.

Délé wá bá mi. Òógùn bo ojú rẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé ẹnikẹ́ni fi fúláàṣì sí kọ̀ǹpútà yín?"

Ó wà nínú báàgì mi. Mo ní, "Rárá o, Délé."

Wọ́n ní òun ló fi páásíwọ́ọ̀dù ṣeré. Wọ́n lé e lọ́sẹ̀ yẹn. Ìyàwó rẹ̀ wà nínú oyún. Mo sìn ín dé géètì, mo ń sunkún, àwọn èèyàn sì ń sọ pé aláàánú ni mí.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, fóònù mi bà jẹ́. Mo yà sí ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń tún fóònù ṣe ní Baṣọ̀run, Délé ló jókòó síbẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀. "Mọ́mì wa!" Ó ra mínírà fún mi. Mi ò lè mu ún. Mo kúnlẹ̀ níwájú ẹni tí mo lè bí, mo sọ gbogbo rẹ̀.

Mo rò pé yóò lé mi jáde.

Ó ní, "Mọ́mì, mo ti gbà pé èmi ni mo jẹ̀bi. Mo ní bóyá mo gbàgbé nǹkan kan. Títí dòní, bí mo bá tún kọ̀ǹpútà ẹnìkan ṣe, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo máa ń yẹ̀ ẹ́ wò." Ó nu ojú rẹ̀. "Ẹ dìde, mà. Inú ń bí mi o, mi ò ní parọ́. Ṣùgbọ́n ọkàn mi balẹ̀ lónìí."

Mo sunkún, mo rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà ni oúnjẹ ti ń dùn lẹ́nu mi.

Ó ní kí n kọ òtítọ́ sílẹ̀ fún ọ̀gá wa. Àwọn ọmọ mi ní kí n má dán an wò, wọn yóò lé mi. Mo ti kọ ọ́. Mo ti mú un fún ọ̀gá láàárọ̀ yìí. Bí wọ́n bá lé mi, ẹ má bá mi kẹ́dùn, ó tọ́ sí mi.

Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́rin tí ọmọ ọlọ́mọ fi ń fura sí ọwọ́ ara rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, báwo ni wọ́n ṣe ń tọrọ àforíjì irú ìyẹn?