Nọ́ńbà Mi Ni Mo Fi Ṣí Ímeèlì Ìyá Fọláhàn

Ẹ bá mi gbọ́ ọ. Láti ọjọ́ tí a ti sin Ìyá Fọláhàn ní Ìjẹ̀ṣà-Iṣu ni ọ̀rọ̀ yìí ti há mi lọ́fun bí eegun ẹja. Èmi Ọdúnayọ̀ tí mo ń tún fóònù ṣe ní Ìkọ̀lé, ẹ má pè mí lẹ́ni rere mọ́.

Fọláhàn nìkan lọ́mọkùnrin tí màmá bí. Kí àìsàn tó pa á, ó máa ń fi ohùn ránṣẹ́ síyàá rẹ̀ lórí fóònù, á máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé iyán rẹ̀ ní kókó. Lẹ́yìn ìsìnkú Fọláhàn, màmá ní kí n bá òun fi ohùn náà síbi tí kò ní sọnù. Mo ṣí ímeèlì fún un, mo kó gbogbo rẹ̀ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà tèmi ni mo fi ṣí i, bí mo ti ń ṣe fáwọn àgbàlagbà, kí wọ́n lè máa padà wá bá mi. Èmi ni mo yan páswọ́ọ̀dù, n kò sọ ọ́ fún un, èmi náà sì gbàgbé rẹ̀. Ọgbọ́n àgbọ́njù! Nígbà tó yá, mo ra síìmù mìíràn, mo jẹ́ kí ti àtijọ́ kú.

Nígbà ọyẹ́, iná tí wọ́n fi sun oko ràn mọ́ ilé màmá, ó jó o tòun ti fóònù. Òun àti Àǹtí Esther, ọmọ rẹ̀ obìnrin, wá bá mi. Màmá ní, "Ọmọ mi, ulé jó, ẹrù jó, mo gbà. Sá ti bá mi mú ohùn Fọláhàn jáde." Mo gbìyànjú láti ṣí ímeèlì náà, wọ́n ní kóòdù tí a ó fi wọlé ti lọ sí nọ́ńbà mi àtijọ́. Mo yọ́ lọ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, mo pe nọ́ńbà náà, mo bẹ̀bẹ̀ fún kóòdù yẹn. Ọkùnrin tó ń lò ó báyìí ní oníjìbìtì ọmọ Yahoo ni mí, ó pa fóònù. Ìtìjú mú mi. Mo padà wọlé, mo ní, "Màmá, ẹ̀yin lẹ gbàgbé páswọ́ọ̀dù tí mo fún yín."

Àǹtí Esther jágbe mọ́ ọn. Màmá tẹrí ba: "Bóyá mo gbàgbé lóòótọ́."

Gbogbo ọjọ́ ọjà ló ń wá jókòó tì mí, á dárúkọ ìjọ wọn, á dárúkọ oríkì ọmọ rẹ̀, bóyá ọ̀kan nínú wọn ni páswọ́ọ̀dù, èmi ìkà yìí á sì máa tẹ̀ ẹ́. Èyí tó burú jù ni pé Àǹtí Esther bi mí bóyá iyè màmá ti ń ra. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Nítorí ìyẹn, àwọn ẹbí gba oko lọ́wọ́ rẹ̀, wọn kò jẹ́ kó dáná mọ́, wọ́n gbé e lọ Adó níbi tí kò ti mọ ẹnìkan. Ibẹ̀ ló kú sí. Wọ́n ní ohun tó ń sọ kẹ́yìn ni, "Fọláhàn, má bínú, mo sọ ohùn rẹ nù." Níbi ìsìnkú, Àǹtí Esther dúpẹ́ lọ́wọ́ mi níwájú ìjọ pé mo ní sùúrù fún màmá. Mo sì dìde, mo ní kò tọ́pẹ́.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ṣiṣẹ́ yìí, nọ́ńbà oníǹkan ni kí ẹ fi ṣí nǹkan rẹ̀, kí ẹ sì fi páswọ́ọ̀dù lé e lọ́wọ́. Àǹtí Esther, bí ẹ bá lè dárí jì mí, ẹ ṣàánú mi. Bí ẹ kò bá lè ṣe é, n kò bá yín jà. Ẹ sáà bá mi sọ fáwọn ọmọ yín pé ọpọlọ ìyá àgbà wọn pé títí ó fi kú.