Bọ́ọ̀lù Àlòkù Tí Mo Kó Sínú Àtẹ Àbúrò Mi

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi, ṣùgbọ́n ẹ má tíì ṣàánú mi. Ẹni tí ẹ bá kọ́kọ́ ṣàánú, tí ẹ wá gbọ́ ohun tó ṣe, ẹ ó bú u ní ìlọ́po méjì.

Ìwó ni mo ń gbé. Iṣẹ́ kẹ̀kẹ́ títúnṣe ni mò ń ṣe. N kò ní í dárúkọ ara mi níbí, nítorí orúkọ náà gan-an ló jẹ́ kí n máa kọ̀wé yìí. Kò tíì pé oṣù kan tí ìyàwó Làmídì bí ọmọkùnrin. Ọbàkan mi ni Làmídì, ọmọ ìyàwó kejì bàbá mi. Agboolé wa ni wọ́n ti sọ ọmọ náà lórúkọ. Nígbà tí àlùfáà béèrè orúkọ tí bàbá ọmọ fẹ́, orúkọ mi ló pè.

Gbogbo ilé yíjú wò ó. Wọ́n mọ̀ pé èmi àti òun kì í fọwọ́ bọ inú àwo kan náà.

Làmídì ní, “Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ tí gbogbo ọjà ń fi mí ṣe ẹlẹ́yà, ẹ̀gbọ́n mi nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.”

Òótọ́ ló sọ. N kò rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rù ló ń bà mí. Èmi ni mo ṣe ohun tí wọ́n ń torí ẹ̀ rẹ́rìn-ín.

Ìyá ọmọ náà ṣì wà lọ́dọ̀ wa, ó ń retí ogójì ọjọ́. Yàrá rẹ̀ kò jìnnà sí tèmi. Mo máa ń gbọ́ tó ń pe orúkọ mi mọ́ ọmọ lórí pé, “Ìwọ yìí, o tún ti tọ̀ sí mi lára! Oníjàgídíjàgan!” Àwọn obìnrin á bú sẹ́rìn-ín. Èmi á jókòó sórí àpótí mi, n ó ti àwo oúnjẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ẹ jẹ́ kí n mú un láti ibi tí inú ti kọ́kọ́ bí mi. Gbẹ́nàgbẹ́nà ni bàbá wa. Èmi ni àkọ́bí. Èmi ló yẹ kí n jogún ayùn àti ráńdà rẹ̀. Ṣùgbọ́n bàbá wo iṣẹ́ tí mo ṣe lọ́jọ́ kan, ó ní, “Ọwọ́ rẹ ti yá jù. Igi kì í gba ti onínúfùfù.” Ó kó irinṣẹ́ fún Làmídì, ẹni tí mo gbé pọ̀n. Ìyá mi kú tòun ti ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu. Mo lọ kọ́ṣẹ́ kẹ̀kẹ́, mo sì mọ̀ ọ́n. Bí ẹ bá rí ẹni tó sọ pé n kò mọ̀ ọ́n, ẹ ní kó wá bá mi.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ń mi orí, ṣé ẹ̀yin kò ní ọbàkan ni? Ṣé wọn kò fi ohun tó tọ́ sí yín fún ẹlòmíràn rí? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀.

Ní ọdún tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé ọ̀fẹ́, tí gbogbo gbẹ́nàgbẹ́nà ń kan bẹ́ǹṣì, Làmídì lọ kan pákó sára ògiri fún ilé ìtajà kan n’Íbàdàn. Nígbà tó dé, ọ̀dọ̀ mi ló kọ́kọ́ yà sí. Kò tíì bọ́ fìlà tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í rojọ́.

Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, mo rí àpótí irin kan tó ń wọnú kọ́bọ́ọ̀dù. Wọ́n fà á jáde tán pátápátá, ó dúró lófuurufú, kò tẹ̀, kò sì dún.”

Mo ní, “Àǹjọ̀nú ló gbé e dúró.”

“Irin mẹ́ta ni, ọ̀kan wà nínú ọ̀kan. Wọ́n ń yọ jáde bí ọrùn ahun. Mo dọ̀bálẹ̀ mo yọjú sábẹ́ ẹ̀. Àwọn ọmọ irin róbótó ló wà láàárín wọn. Ẹ̀gbọ́n, ohun tó wà nínú ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ yín náà ni!”

Àwọn bọ́ọ̀lù kẹ̀kẹ́ ló ń sọ, àwọn tó ń jẹ́ kí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ yí wẹ́rẹ́. Mo ti ń fi kẹrosíìnì fọ̀ wọ́n láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Inú ìyípo nìkan ni mo ti mọ̀ wọ́n. Kò wá sí mi lọ́kàn rí pé èèyàn lè tò wọ́n gbọọrọ, kí nǹkan máa gun orí wọn lọ, kó sì máa bọ̀. Ẹni tí kì í ṣe oníkẹ̀kẹ́ yọjú sí wọn lẹ́ẹ̀kan, ó rí i. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára bí ẹ̀gún.

Ìyá Sàfú, aláṣọ ní ọjà Odò-Orì, ló kọ́kọ́ ní kó ṣe é fún òun. Ìsọ̀ rẹ̀ há. Ó fẹ́ àtẹ tí yóò máa fà jáde láàárọ̀ kí aṣọ rẹ̀ lè hàn, tí yóò sì máa tì wọlé lálẹ́. Làmídì wá irin pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń de àgbá, alágbẹ̀dẹ àdúgbò bá a tẹ̀ ẹ́ ní etí méjèèjì. Ọ̀kan wà lára ìsọ̀, ọ̀kan wà lára àtẹ, èyí tó wà láàárín ń rìn nínú ọ̀kan, ó sì ń gbé èkejì rìn. Ó gé agolo pẹlẹbẹ, ó lu ihò sí i, kí bọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan lè wà nínú ihò tirẹ̀, kí wọ́n má ṣùjọ sójú kan. Ó tẹ ẹnu irin wọlé níkẹyìn kí àtẹ má baà yọ ṣubú. Kò sí ibi tí kò rò dé.

Mo lọ wò ó. Mo na ọwọ́ sí irin náà kí n lè mọ bí inú rẹ̀ ṣe rí. Ìyá Sàfú wà níbẹ̀.

Làmídì ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ rọra o! Ọwọ́ òróró kì í kan igi mi. Bọ́ọ̀lù ni kí ẹ bá wa wá, ìyókù kì í ṣe ti kẹ̀kẹ́.”

Ìyá Sàfú fọwọ́ bo ẹnu. Ó ní, “Bàbá oníkẹ̀kẹ́, ẹ má bínú, ọmọ yín ti ju yín lọ!”

Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ti rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ rí? Ó máa ń korò lẹ́nu bí ewúro.

Ohun tí mo ṣe nìyí. Òfin kan wà nínú iṣẹ́ wa, ìgbájú ni ọ̀gá mi fi kọ́ mi: bọ́ọ̀lù tuntun àti àlòkù kì í gbé ojú kan. Àlòkù ti jẹ, ó fi ohun tí kò tó irun orí kéré sí tuntun. Ojú kò lè mọ̀ ọ́n, ọmọ ìka ló ń mọ̀ ọ́n. Bí o bá dà wọ́n pọ̀, tuntun nìkan ni yóò máa ru ẹrù, àlòkù á kàn máa yí kiri lófìfo. Bí ẹrù bá ti pọ̀, tuntun á máa họ irin, ojú ọ̀nà á di kòtò, gbogbo rẹ̀ á sì há.

Làmídì kò mọ èyí. Tuntun nìkan ló ní kí n kó wá. Mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù mi, mo da àlòkù mọ́ tuntun. Mo fọ àlòkù títí ó fi ń dán. Mo fi gíríìsì bò wọ́n. Ọwọ́ ara mi ni mo fi bá a tò wọ́n sínú irin, nítorí ó ní èmi ni mo mọ̀ wọ́n.

Ó fa àtẹ náà lófìfo. Ó ń lọ wẹ́rẹ́, kò dún. Ó ní, “Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n mi. Ọlọ́run á ṣe tiyín náà.” Mo ní àmín.

Mo fi Ọlọ́run bẹ yín, n kò fẹ́ kó ṣèṣe. Ohun tí mo fẹ́ kò ju pé kó máa há, kí wọ́n wá máa bẹ̀ mí láti tún un ṣe, kí n lè sọ fún Ìyá Sàfú pé ẹ pe ọmọ tó jù mí lọ. Ìyẹn nìkan. Bó ṣe kéré tó nìyẹn.

Nígbà tí aṣọ kún orí rẹ̀, tó di ọjọ́ ọjà bíi mélòó kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Wọ́n ránṣẹ́ pe Làmídì. Mo gbọ́, mo sì tẹ̀ lé e. Inú mi ń dùn bí mo ṣe ń lọ, n kò ní í parọ́ fún yín.

Àwọn obìnrin ọjà ti pé bò ó. “Làmídì, àtẹ rẹ ń lọ ata ni?” “Ó ti yó, kò fẹ́ jáde mọ́!” “Ẹ fún un ní ẹ̀kọ mu!”

Làmídì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó fi ọwọ́ òsì di àtẹ mú, ó ti ọwọ́ ọ̀tún bọ abẹ́ rẹ̀ láti wá ibi tó há.

Ẹ jọ̀ọ́, ibi tí ẹ ó ti bú mi gan-an nìyí, kì í ṣe ti àtẹ̀yìnwá. Mo rí ọwọ́ náà tó ń wọlé. Mo mọ̀ pé irin ti họ, mo mọ̀ pé bí ó bá fà á tipátipá, ẹnu rẹ̀ á ya. Mo wà nítòsí tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ń gbóòórùn aró ara aṣọ. Bí mo bá ní “yọ ọwọ́ rẹ” péré, ó ti tó. Ṣùgbọ́n wọn ìbá bi mí pé báwo ni mo ṣe mọ̀. Mo pa ẹnu mi dé.

Ó fà á. Irin ya. Àtẹ àti gbogbo aṣọ orí rẹ̀ já lé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, ó sì jókòó gbì sáàárín aṣọ.

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọn kò tíì rí ẹ̀jẹ̀. “Gbẹ́nàgbẹ́nà ti wá ra àrán!” Ó wo ojú wọn kiri lọ́kọ̀ọ̀kan títí ojú rẹ̀ fi kan tèmi. Ojú mi ló rò pé ó rí àánú nínú rẹ̀.

Wọ́n gbé e lọ bá ẹni tó ń to eegun. Ọgbẹ́ jiná, ṣùgbọ́n ìka méjì kò ká mọ́. Kò lè di ráńdà mú. Ìyá Sàfú kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé aṣọ rẹ̀ tó bàjẹ́. Làmídì fúnra rẹ̀ ń sọ fún gbogbo ayé pé ìwọ̀n òun ló ṣì, pé ìgbéraga ló mú òun. Ó kó lọ sí Olúpọ̀nnà, ó ń dá oko ẹ̀gẹ́. Kí ó tó lọ, ó gbé irinṣẹ́ bàbá wa wá fún mi. Ó ní, “Ẹ̀yin ló tọ́ sí.” Mo gbà á. Ó ń dípẹtà lára ògiri mi.

Ẹ má wá fi wàásù dá mi lóhùn, mo mọ ohun tí àlùfáà máa sọ. Ẹ má sì rò pé mo ti wá fẹ́ràn rẹ̀. N kò fẹ́ràn rẹ̀. Bó ṣe ń rìn ṣì ń bí mi nínú. Ohun tí n kò lè fara dà ni pé kó máa dúpẹ́.

Ohun kan kù tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀. Irin àtẹ náà wà lọ́wọ́ mi. Mo ṣà á nílẹ̀ lọ́jọ́ náà. Mo lù ú tọ́, mo jó ojú ibi tó ya pọ̀, mo kó bọ́ọ̀lù tuntun nìkan sí i bí Làmídì ṣe wí, mo sì fi í gbé àpótí irinṣẹ́ mi sábẹ́ tábìlì kí n lè máa fà á jáde. Mo fẹ́ kó há. Bí ó bá há, á jẹ́ pé iṣẹ́ rẹ̀ kò dára láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ̀bi mi á sì fúyẹ́. Mo kó sípánà sí i. Mo kó ṣéènì sí i, mo kó òòlù sí i, ó wúwo ju aṣọ kaṣọ lọ. Àràárọ̀ ni mo ń fà á.

Kò há rí.

Bí Làmídì bá wá kí mi, àpò ni mo máa ń jù bò ó. Ní ogójì ọjọ́ ni yóò wá mú ìyàwó àti ọmọ lọ sí Olúpọ̀nnà, yóò sì gbé ọmọ tó ń jẹ́ orúkọ mi wá sí ṣọ́ọ̀bù kí n lè ṣàdúrà fún un. Ọwọ́ rẹ̀ kò gbàgbé iṣẹ́. Bí ó bá fa àpótí yẹn lẹ́ẹ̀kan, á mọ̀ pé ìwọ̀n òun kò ṣì, pé ọwọ́ èmi tó to bọ́ọ̀lù ni; kò ní í bi mí ní nǹkan kan.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ kò mọ̀ mí, ẹ bá mi dá a. Ṣé kí n fi ẹnu mi sọ ọ́ fún un ni? Àbí kí n ká àpò náà kúrò, kí n gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀, kí n ní, “Làmídì, bá mi fa ìyẹn”?