Fọ́tò Ọkọ Mi Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Àbẹ́là

Ẹ má gbé mi dìde o, Ìyá Yínúsà, ẹ jẹ́ kí n wà lórí ìkúnlẹ̀ mi, ojú ló ń tì mí, ojú ń tì mí débi pé nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀ lẹ́bàá ọjà yín níbí, ìborùn ni mo fi bo orí bo ojú bí ẹni tó jí adìyẹ gbé, torí mo mọ̀ pé gbogbo Ifọ̀ ti gbọ́, gbogbo mọ̀lẹ́bí ti gbọ́, pé ìyàwó ilé yín gbé fọ́tò ọkọ rẹ̀ tó wà láàyè sẹ́gbẹ̀ẹ́ àbẹ́là, ó jókòó síwájú rẹ̀, ó ń sunkún òkú!

Hẹ̀n? Kí n rọra sọ̀rọ̀? Kí ni mo fẹ́ rọra fún? Mo ti rí sálúbàtà wọn lẹ́nu ọ̀nà. Mo mọ̀ pé Bàbá Morádéyọ̀ wà nínú yàrá yẹn, lẹ́yìn kọ́tìnì yẹn, wọ́n ń gbọ́ mi. Kí wọ́n máa gbọ́. Òní ló pé ọjọ́ mọ́kàndínlógún tí àbúrò yín ti fi ilé wa ní Mówe sílẹ̀, wọ́n pa fóònù, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo gbé oúnjẹ rán sí wọn, ẹ̀ẹ̀mejì ni kúlà náà padà bí mo ṣe dì í, wọn ò tilẹ̀ tú okùn tí mo fi so ó. Okùn lásán, Ìyá Yínúsà ọkọ mi! Ṣé májèlé ni mo máa fi fún ẹni tí mo bímọ méjì fún ni?

Ẹ jẹ́ kí n rò ó fún yín, torí ìdajì ọ̀rọ̀ lẹ gbọ́, ìdajì yẹn ló sì ń bà mí jẹ́ kiri.

Delight ló fa gbogbo rẹ̀. Ẹ ò ní bínú sí mi, mo mọ̀ pé ọmọ àbúrò yín kejì tó ti dolóògbé ni, ṣùgbọ́n èmi náà ni mo wẹ̀ ẹ́, èmi ni mo pọ̀n ọ́n, èmi ni mo rán aṣọ ilé ìwé àkọ́kọ́ tó wọ̀. Ó wá lọ kọ́ṣẹ́ fíìmù l'Ékòó. Nínú ọyẹ́ èṣí ló gbé kámẹ́rà wá sílé wa, òun àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì, ó ní, “Màmá, iṣẹ́ tí olùkọ́ wa fún wa ni o, fíìmù kékeré, ìṣẹ́jú méjìlá péré, obìnrin kan ni ọkọ rẹ̀ kú, síbẹ̀ kò yéé bu oúnjẹ ọkọ sílẹ̀.” Mo ní ta ló máa ṣe obìnrin náà. Ó ní èmi ni. Mo bú sẹ́rìn-ín! Èmi aránṣọ, èmi tí abẹ́rẹ́ ti gún gbogbo ọmọ ìka mi. Ó ní ojú mi dára fún un. Ìyá Yínúsà, ta ló ti sọ bẹ́ẹ̀ fún mi rí? Mo gbà.

Ẹ wá gbọ́ ìwà òmùgọ̀. Ọmọ yẹn ò ní kí n mú fọ́tò ọkọ mi wá o! Kí n má purọ́ mọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Ó ti gé fọ́tò ọkùnrin kan láti inú kàlẹ́ńdà, ọkùnrin tí a ò mọ̀ rí, ó ní ìyẹn ni ọkọ mi tó kú. Mo wò ó títí, ẹkún ò wá. Ẹni tí mi ò mọ ìyá rẹ̀, mi ò mọ bàbá rẹ̀, báwo ni mo ṣe fẹ́ sunkún rẹ̀? Èmi fúnra mi, èmi tí mò ń kúnlẹ̀ níwájú yín yìí, mo gun àpótí, mo sọ fọ́tò Bàbá Morádéyọ̀ kalẹ̀ lára ògiri, èyí tí wọ́n yà pẹ̀lú agbádá lọ́jọ́ tí wọ́n pé àádọ́ta ọdún, mo fi gèlè nù ún, mo gbé e lé tábìlì. Wọ́n tan àbẹ́là sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́. Mi ò kọ̀. Mi ò tiẹ̀ pe Jésù sí i. Ṣé ẹnì kan fi ọ̀bẹ sí mi lọ́rùn ni?

Ẹ ń mi orí. Ẹ ní èèwọ̀ ni. Mo mọ̀ pé èèwọ̀ ni! Ìyá mi ì bá wà láyé, ì bá fi ìpàkọ́ mi gbá ògiri. Ṣùgbọ́n ẹ fara balẹ̀, ibẹ̀ kọ́ ni ọ̀rọ̀ wà.

Iṣẹ́ ilé ìwé ni mo kúkú pè é. Olùkọ́ kan á wò ó, á fi máàkì sí i, ó parí. Àfi bí Delight ṣe pè mí lóṣù tó kọjá, tó ń pariwo nínú fóònù, mo rò pé ìjàm̀bá ọkọ̀ ni. Ó ní wọ́n ti gbé fíìmù wa lọ sí Jámánì, sí àjọ̀dún kan tí wọ́n ti ń kó àwọn fíìmù kéékèèké jọ láti gbogbo àgbáyé, igba fíìmù ó lé, China wà níbẹ̀, Brazil wà níbẹ̀, tiwa ló gba áwọ́ọ̀dù! Ó ní àwọn òyìnbó dìde dúró, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Ó ní ohun tí mo sọ fún fọ́tò yẹn ló pa wọ́n lẹ́kún.

Kí n tó gbé fóònù sílẹ̀, orí mi ti wú. Kí ni mi ò ṣe tán? Mo sọ fún àwọn oníbàárà mi, mo sọ fún onílé iwájú, mo sọ fún ẹni tó ń lọ ata. Mo ní kí wọ́n má pè mí ní ìyá aránṣọ mọ́, kí wọ́n máa pè mí ní òṣèré àgbáyé. Mo sọ fún Bàbá Morádéyọ̀ náà, inú wọn dùn, wọ́n tilẹ̀ sọ fún àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ìtẹ̀wé ní Ṣómólú. Wọ́n ní kí ni mo ṣe nínú fíìmù náà. Mo ní, “Ẹ óò rí i.” Ẹ óò rí i! Ẹnu mi yìí.

Wọ́n gbé díẹ̀ níbẹ̀ sí tẹlifíṣọ̀n nínú ìròyìn. Ọjọ́ kejì, mo lọ ra òwú àti síìpù lọ́dọ̀ Stella, n'Íbàfò, bó ṣe rí mi ló dìde, ó di mọ́ mi, ó ní, “Màmá, ẹ kú ará fẹ́ra kù, mi ò mọ̀ pé bàbá ti lọ, mo rí yín nínú tẹlifíṣọ̀n lánàá.” Ẹ wo ibi tó yẹ kí n ti làdí ọ̀rọ̀. Àwọn èèyàn ti yí wa ká, ojú wá ń tì mí láti sọ pé irọ́ ni mò ń pa nínú tẹlifíṣọ̀n, ṣé ẹ mọ ohun tí mo sọ? Mo ní, “Ẹ ṣé, a dúpẹ́.” Mo gba ìbánikẹ́dùn lórí ọkọ mi tó wà nílé tó ń jẹ àgbàdo! Stella tún fi òwú méjì ta mí lọ́rẹ, ó ní kí n fi tu ara mi nínú. Òwú náà ṣì wà nínú ìsọ̀ mi. Mi ò lè fi í ránṣọ.

Ó ku ti ṣọ́ọ̀ṣì. Pásítọ̀ kéde pé Ọlọ́run ti gbé ọmọ ìjọ wa ga láàárín àwọn orílẹ̀-èdè, pé lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Ìsinmi, wọ́n máa fi prójẹ́kítọ̀ gbé fíìmù náà sára ògiri kí gbogbo ìjọ wò ó. Èmi ni mo ra fìlà tuntun fún Bàbá Morádéyọ̀. Èmi ni mo mú wọn jókòó sí ìlà kejì, àárín gbùngbùn. Bí fọ́tò wọn ṣe yọ lára ògiri, tó ga bí ilẹ̀kùn, tí àbẹ́là ń jó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àwọn obìnrin ké, “Ẹ̀jẹ̀ Jésù!” Ṣé ẹ mọ ohun tí àbúrò yín ṣe? Wọ́n rẹ́rìn-ín! Wọ́n ní, “Ìyàwó mi ti pa mí o!” Gbogbo ìjọ bú sẹ́rìn-ín. Torí náà ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé nítorí pé mo pè wọ́n ní òkú ni wọ́n ṣe bínú lọ. Irọ́ ni.

Ohun tí mo sọ ni.

Ṣé kí n tún un sọ? Kò sí ẹni tí kò tíì gbọ́ ọ ná, àtòyìnbó àtènìyàn dúdú. Delight ní kí n sọ ohunkóhun tó bá wá sí mi lẹ́nu sí fọ́tò náà. Mo wò wọ́n nínú agbádá yẹn, mo ní, “Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni mo ti ń gbé oúnjẹ síwájú yín, ẹ ò bi mí rí lọ́jọ́ kan ṣoṣo pé ṣé èmi ti jẹun. Ọjọ́ tí mo bí Ọmọlabí, ẹ wá sí ọsibítù, mo rò pé ẹ fẹ́ kí mi kú ewu ọmọ, ẹ bi mí pé ibo ni mo gbé kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù oúnjẹ sí. Ní báyìí tí ẹ ti kú, ẹ bi mí. Ẹ bi mí wò.”

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Ìyàwó pásítọ̀ ń wo ilẹ̀. Gbogbo wọn ló mọ̀ pé eléyìí kì í ṣe eré, torí gbogbo wọn ló mọ Ọmọlabí! Bàbá Morádéyọ̀ ṣí fìlà tuntun yẹn lórí, wọ́n gbé e lé orí àga, wọ́n mú Bíbélì wọn, wọ́n jáde. Nígbà tí mo délé, wọ́n ti kó aṣọ mẹ́ta.

Ẹyin lohùn, ọkọ mi, ó ti balẹ̀, ó ti fọ́. Mi ò rí ojú gbé sókè ní Mówe mọ́. Àwọn obìnrin kan ń wá sí ìsọ̀ mi, wọn ò gbé aṣọ dání, wọ́n kàn máa dì mí lọ́wọ́ mú, wọ́n á ní, “Ẹ ṣé.” Kí ni wọ́n ń dúpẹ́ fún? Ilé mi ni mo tú síta o!

Ẹ wò ó, ó ku ẹyọ kan. Mi ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí. Nígbà tí a ya fíìmù náà tán, Delight ń sunkún, ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, “Màmá, ṣé kí n gé apá yẹn kúrò?” Ọmọ náà bi mí. Mo lè sọ pé kó gé e. Mo ní, “Fi sílẹ̀.” Èmi ni. Inú mi fúyẹ́ lọ́jọ́ yẹn, Ìyá Yínúsà, bí ẹni tó sọ ẹrù kalẹ̀, ìyẹn gan-an ló ń tì mí lójú jù. Pé mo rí ẹnu sọ ọ́ fún fọ́tò, mo rí ẹnu sọ ọ́ fún Jámánì, mi ò rí ẹnu sọ ọ́ fún ọkọ mi nínú yàrá wa. Èèyàn dáadáa ni wọ́n, wọn ò nà mí rí, wọn ò fẹ́yàwó lé mi. Wọn ò kàn bi mí ni. Èmi náà ò sì sọ.

Ẹ ń lọ síbo? Ẹ fẹ́ wọlé lọ bá wọn? Ẹ lọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin lẹ̀gbọ́n. Ẹ sọ fún wọn pé mo gbà pé mo jẹ̀bi fọ́tò, mo jẹ̀bi àbẹ́là, mo jẹ̀bi “ẹ ṣé” tí mo dá Stella lóhùn. Ṣùgbọ́n èyí tí mo sọ, ẹ bi wọ́n bóyá irọ́ ni.

Ẹ ti dé? Kíá báyìí? Kí ni wọ́n wí?

Hẹ̀n?

Wọ́n ní kí ẹ bi mí pé ṣé mo ti jẹun?

Háà! Ha-ha-haa! Ìyá Yínúsà, ẹ dì mí mú, ẹ̀rín ni, ẹkún kọ́, ẹ má dá mi lóhùn! Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, wọ́n wá fi rán ẹ̀gbọ́n wọn! Rárá o. Mi ò dáhùn. Ẹ ò lè bá wọn bi mí, ẹ forí jì mí. Kí wọ́n dìde, kí wọ́n ká kọ́tìnì yẹn kúrò, kí wọ́n wojú mi, kí wọ́n fi ẹnu ara wọn bi mí, kò sí kámẹ́rà níbí, kò sí ìjọ níbí. Ìrẹsì ọ̀fàdà ló wà nínú kúlà yìí, ó ṣì gbóná, àwo méjì ni mo kó wá. Bí wọ́n bá ti bi mí, màá sọ fún wọn pé rárá, mi ò tíì jẹun, láti àárọ̀.